Ewúrẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà Àfáà Abdulqowiyy

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń kán lójú kí ó máa lọ, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi ìkánjú gbọ́. Mo ní olè kan fún yín, mo ní ohùn òkú kan, mo sì ní ewúrẹ́ kan tó ń wa mọ́tò. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ojú kò ti ẹnikẹ́ni nínú yín, a jẹ́ pé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ èèyàn bíi tiwa.

Ìwó ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò àtijọ́ tí ilé-kéwú Àfáà Abdullateef wà. Oòrùn ti ń rọ̀ sẹ́yìn òrùlé. Ìyá Ràhámọ̀tù, opó Àfáà náà, ti ṣe àlùwàlá tán, ó ti jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀ nínú pálọ̀, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, ó ń retí. Àlàásàrí tó. Mọ́ṣáláṣí tòsí pèrun, ti òkèèrè pèrun, kọ̀ǹpútà dákẹ́ bí òkúta odò.

"Abdulqowiyy," ni ìyá pe ọmọ rẹ̀. "Bàbá rẹ kò pèrun lónìí."

Àfáà Abdulqowiyy, tó jogún ilé-kéwú náà, jáde láti yàrá. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó wá ibi tí ohùn bàbá rẹ̀ máa ń wà, ibẹ̀ ṣófo bí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Wàásí Rámàdán tí bàbá ṣe, kò sí. Àdúrà tó ṣe fún àwọn ọmọ ilé, kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín. Àwọn ọmọ tó ti kàwé jáde ní ilé-kéwú náà ló pawọ́ pọ̀ ra kọ̀ǹpútà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, Abdulsobur, tó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ló kó Línọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. Línọ́ọ̀sì yìí ni ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde lórun. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí omi odò, ẹni tó bá ní korobá kó wá pọn. Kí Àfáà Abdullateef tó kú, Abdulsobur ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń pèrun. Fóònù ti sọnù, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ohùn náà kù sí. Abdulsobur wá tò ó pé bí àkókò ìrun kan bá tó, ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà yóò dúró gbagidi, ohùn Àfáà yóò sì pèrun dópin.

Ojú Ìyá Ràhámọ̀tù ti ṣú, kò ríran mọ́. Ọkọ tó kù fún un láyé kò ju ohùn yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n Línọ́ọ̀sì kò dá wá. Ó kó géèmù lọ́wọ́ wá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹran ń wa mọ́tò díje. Àfáà Abdulqowiyy fọwọ́ kàn án níjọ́ kan bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ó mú ewúrẹ́ kan tó wọ awò ojú, ewúrẹ́ náà sì gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àfáà tó máa ń kìlọ̀ nínú wàásí pé, "Géèmù ni ṣàìtánì fi ń jẹ àkókò àwọn ọmọ yín", bó bá délé á tilẹ̀kùn, á gbé ewúrẹ́ sójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ jọ kún ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ewúrẹ́ ń tiro. Ìdí tí Àfáà fi gbé e lọ sọ́dọ̀ Gàníyù ní Odò-Orí nìyẹn. Kì í ṣe torí ohùn bàbá rẹ̀. Torí ewúrẹ́ ni.

Èyí tó burú jù rèé. Lẹ́yìn Àìlá ni kọ̀ǹpútà padà délé lọ́jọ́ náà, géèmù ni Àfáà kọ́kọ́ ṣí. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ife-ẹ̀yẹ kankan mọ́. Inú bí i, ó ń ráhùn ife-ẹ̀yẹ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Àfìgbà tí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Àlàásàrí ló tó mọ̀ pé ohùn bàbá òun náà ti lọ. Ẹ ò rí ìtìjú.

Gàníyù, tí wọ́n ń pè ní Gàní Kọ̀ǹpútà, mọ iṣẹ́, iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ilé-kéwú Àfáà Abdullateef lòun náà, kó tó fi ìrun sílẹ̀ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn. Bí oníbàárà bá dé, á fa àga fún un, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Kí lẹ fi ń ṣe jùlọ? Ẹ má fi pamọ́ fún mi, dókítà ni mí." Oníbàárà á wò sọ́tùn-ún, á wò sósì, á jẹ́wọ́ géèmù tó ń ta. Gàníyù á ní, "Àṣírí yín bò." Nígbà náà ni yóò tú ikùn kọ̀ǹpútà, tí yóò yọ háàdì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ sí. Á fi aláàárẹ̀ kan dípò rẹ̀, á tún Línọ́ọ̀sì kọ sínú ìyẹn, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá padà wá ráhùn, á rọra dárúkọ géèmù rẹ̀ sókè díẹ̀. Onítọ̀hún á sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Ìtìjú oníǹkan ló fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oníǹkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àfáà Abdulqowiyy dé ṣọ́ọ̀bù náà, ó bá èrò níbẹ̀.

"Àfáà, ẹ káàsán o. Ṣé ó ń sáré?"

"Gàníyù, háàdì mi dà?"

"Ó wà níkùn kọ̀ǹpútà yín."

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi. Ohùn bàbá mi kò sí níbẹ̀."

"Nǹkan ọ̀fẹ́ lẹ̀ ń lò, Àfáà. Nǹkan ọ̀fẹ́ a máa gbàgbé."

"Ọwọ́ bàbá mi lo ti mọ alífù. Dá a padà kí n tó lọ sọ fún ọlọ́pàá."

Gàníyù fi irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì lélẹ̀. "Ẹ lọ. Wọ́n á bi yín pé kí lẹ gbé kọ̀ǹpútà ilé-kéwú wá tún ṣe fún. Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn ni, àbí kí n bá yín dáhùn? Mo mọ bó ṣe ń ké." Ó ranjú mọ́ ọn. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Àwọn èrò bojú wẹ̀yìn. Àfáà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jáde. Àwọn àgbà ní ikú yá jẹ̀sín. Wọn kò sọ bí èèyàn ṣe ń ṣe é nígbà tí ikú kò dé, tí ẹ̀sín sì ti fẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà.

Nílé, ó purọ́. "Mọ̀ọ́mì, iná ni kò gbé e dáadáa. Ohùn ọ̀hún ń sinmi ni."

"Ó ti ń sinmi látìgbà tó ti kú," ni ìyá wí. "Jí i fún mi."

Lójoojúmọ́, bí Àlàásàrí bá tó, ìyá á jókòó sórí awọ àgbò, á kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ọmọ rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó má baà rí i.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìwó díẹ̀, ká dé Olúpọ̀nnà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Fọlá, ó gba yàrá iwájú nílé Ìyá Àtọ́kẹ́, ó fi ṣe ilé géèmù. Òun ló ra háàdì Àfáà lọ́wọ́ Gàníyù. Gàníyù ìbá ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n géèmù tó ti wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó tètè tà. Línọ́ọ̀sì náà kì í ṣa ilé gbé. Gbé e sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, á dìde, á máa bá iṣẹ́ lọ. Gàníyù dán an wò, ó rí i pé ó dára. Àárín Àsùbáà sí Àìlá ló sì dán an wò, nígbà tí kò sí ìrun kankan. Ẹni tó bá ń kírun ni ìbá rántí pé ọ̀sán ń bọ̀.

Ọ̀sán dé. Ọlọ́kadà méjì ń díje lórí géèmù náà, wọ́n ń bú ara wọn bí ọ̀rẹ́. Lójijì, mọ́tò méjèèjì dúró ní kọ́nà.

"Ta ló pa á?"

"Èmi kọ́. Ìwọ lò ń pàdánù."

Ohùn bàbá arúgbó kan sì gba yàrá náà kan, ó ń pèrun.

Ìyá Àtọ́kẹ́ wà lójúde, ó ń ṣa irú. Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ nílé wọn láti ìran bàbá wọn, kì í kírun. Àmọ́ iwájú ilé-kéwú Àfáà Abdullateef ló ti ń ta irú ní Ìwó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn yẹn ni agogo rẹ̀: bó bá ti dún ní Àlàásàrí, á palẹ̀ ọjà mọ́. Igbá irú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fọlá, ta lo tì mọ́lé síbẹ̀ yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá."

"Kọ̀ǹpútà kọ́. Àfáà Abdullateef ni. Mo débi òkú rẹ̀."

Fọlá ṣàlàyé, ó ń kálòlò. Ìyá Àtọ́kẹ́ gbọ́ orúkọ Gàníyù, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fa gèlè mọ́ orí, ó gun ọ̀kadà, ó di Ìwó. Ó wọlé bá Ìyá Ràhámọ̀tù lórí awọ àgbò.

"Ìyá Ràhámọ̀tù, o ò ní gbà mí gbọ́. Ọkọ rẹ ń pèrun ní Olúpọ̀nnà."

Ìyá Ràhámọ̀tù dìde lórí awọ àgbò. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀. "Abdulqowiyy, wọ́n rí bàbá rẹ ní Olúpọ̀nnà. Kí ló gbé e débẹ̀?"

Àfáà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: géèmù, ewúrẹ́, ilẹ̀kùn títì, irọ́ iná. Ìyàwó rẹ̀, Kafilat, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Nígbà tó parí, kò lè gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Dìde," ni Kafilat wí. "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àbí o rò pé ewúrẹ́ máa ń ké nínú Kùránì?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Lọ gba bàbá rẹ wá," lòun sọ.

Ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ìnspẹ́kítọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, gbọ́ ẹjọ́ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti kọ́ńsítébù kan tẹ̀lé Àfáà dé Odò-Orí. Ojú ń ti Àfáà, ó dúró síta nídìí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wọn wá. Gàníyù rí ọlọ́pàá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kírun ni. Ẹ jẹ́ n ṣe àlùwàlá kíá, màá tẹ̀lé yín." Ó mú bútà, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde. Kọ́ńsítébù, tí òun náà kì í ṣe mùsùlùmí, fi ọ̀wọ̀ dúró dè é. Wọ́n dúró títí.

Ìnspẹ́kítọ̀ bojú síta. "Àfáà, ìrun yín máa ń pẹ́ tó báyìí?"

"Ìrun wo?"

"Ó ní òun fẹ́ kírun."

"Ìrun wo, lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀?"

Wọ́n sáré dé ẹ̀yìn. Bútà wà lórí òkúta, omi rẹ̀ kún dé ẹnu.

Ọlọ́kadà kan ní òun rí i, ó gbé báàgì tó wúwo, ó forí lé Ilé-Ogbó. Kẹ̀kẹ́ gbéra. Ó ń bọ́ sí kòtò yìí, ó ń yọ ní tọ̀hún, orí Àfáà ń kan òrùlé kẹ̀kẹ́, kò sọ pé ó dun òun. Wọ́n tajú kán rí Gàníyù lẹ́yìn ọ̀kadà níwájú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, ni ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ bá dábùú ọ̀nà. Kó tó kúrò, Gàníyù ti bọ́ sílẹ̀, ó ti wọ oko ẹ̀gẹ́.

Ẹbu gàárì ló já sí. Àjíkẹ́ àti àwọn obìnrin mìíràn ń yan gàárì lọ́wọ́. "Ẹ gbà mí, àwọn kan ń lé mi," ló wí, ó sì wọ ẹ̀yìn àpò ẹ̀gẹ́. Ìnspẹ́kítọ̀ dé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì?"

Wọ́n ń yan gàárì wọn lọ. Níbẹ̀, wọn kì í fi ẹnu tú ẹni tó bá sá di wọ́n. Èèwọ̀ ni. Àjíkẹ́ wo aṣọ ọlọ́pàá, ó wo Àfáà tí eruku bò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti igi tútù kan wọ inú iná. Obìnrin kejì ti òmíràn. Èéfín dìde, ó ṣú dùdù, ó rọra yí sẹ́yìn àpò ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn àpò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí tó fi jáde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, báàgì háàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu wọn kò sọ nǹkan kan. Èèwọ̀ kò sì ka igi tútù.

Ẹ má rò pé ó tán. Ní àgọ́, Gàníyù le bí ekùrọ́.

"Ta ló ni àwọn háàdì yìí?" ni Ìnspẹ́kítọ̀ bi í.

"Èmi ni. Àlòkù ni mo ń rà."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Mi ò rántí."

"Èyí tí Fọlá gbé wá láti Olúpọ̀nnà ńkọ́?"

"Àfáà fúnra rẹ̀ ló tà á fún mi. Ó ní géèmù inú rẹ̀ ń dójú ti òun. Ẹ bi í pé kì í ta géèmù, ká gbọ́."

Ìnspẹ́kítọ̀ pe Àfáà sẹ́yìn. "Ẹnu yín rèé, ẹnu tirẹ̀ rèé. Bí àwọn mìíràn tó jí háàdì wọn kò bá yọjú, àfàìmọ̀ kó má bọ́. Háàdì tiyín náà kò lè kúrò níbí títí ẹjọ́ á fi yanjú. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan tó ṣe kọ̀ǹpútà àwọn."

Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn àgbà wí: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Wọ́n kírun tán, èrò fẹ́ túká. Àfáà Abdulqowiyy dìde dúró níwájú wọn. Ó ká tẹ̀súbàá rẹ̀ sápò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo máa ń bá yín wí nítorí géèmù. Èmi náà ń ta á. Mo máa ń tilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kan ni mò ń wà." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó dúró kí ẹ̀rín náà parí. "Kọ̀ǹpútà ilé-kéwú ni mo fi ń ṣe é. Torí ewúrẹ́ ni mo ṣe gbé e fún Gàníyù, òun ló sì jẹ́ kí n sọ ohùn bàbá mi nù. Ìyá mi kò gbóhùn ọkọ rẹ̀ mọ́. Mi ò tà á. Ó jí i ni. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Mi ò ní bi yín ní ohun tí ẹ̀ ń ta. Ẹ ṣáà lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó kó tiyín náà."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn láìwo ara wọn lójú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìnspẹ́kítọ̀ tó ṣílẹ̀kùn, àlájì tó ń ta sìmẹ́ńtì ti dúró níta, ó fi aṣọ ìnura di kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá. Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì kan tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní mọ́ṣáláṣí dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Tolúlọpẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbé tirẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Kí ló wà nínú tiyín, sà?" ni Ìnspẹ́kítọ̀ bi àlájì.

"Àkọsílẹ̀ ọjà."

"Àti?"

Àlájì wo òrùlé. "Bọ́ọ̀lù. Èmi ni kóòṣì."

Díákónì yọ ojú sí i. "Àlájì, ẹgbẹ́ wo lẹ mú?" Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí Ìnspẹ́kítọ̀ ṣe ń so háàdì kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà àgọ́, ni àwòrán ilé wọn, orúkọ wọn àti géèmù wọn ń yọ. Kálukú mọ tirẹ̀.

Wọ́n mú Gàníyù wá kó wò wọ́n lójú. Ó ṣì ń ṣagídí. "Èèyàn mélòó ló fẹ́ pa irọ́ mọ́ mi?" Háàdì Àfáà ló kẹ́yìn. Wọ́n so ó mọ́ ọn, wọ́n ń wò ó, Àìlá sì tó. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ohùn Àfáà Abdullateef dìde nínú àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní ilé-kéwú yẹn, bí ohùn bàbá bá ti dún, gbogbo ọmọ á da wàláà rẹ̀ délẹ̀, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè fún àlùwàlá. Ẹni tó bá gbẹ́yìn, pàṣán ni. Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì dé orúnkún, ó sì ń wá omi kiri pẹ̀lú ojú. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó wà níhòòhò, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí n tó tà á, mi ò mọ̀ pé òun ló wà níbẹ̀," ló wí, nígbà tí ohùn parí. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Ká ní mo gbọ́ ọ, mi ò ní tà á."

"Nítorí náà, o kó o?" ni Ìnspẹ́kítọ̀ bi í.

"Mo kó o. Mo kó gbogbo wọn. Àfáà kò ta nǹkan kan fún mi." Ó fa ṣòkòtò sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù di ti kóòtù.

Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda háàdì, Abdulsobur wálé, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ó sì da ohùn náà kọ sí ibòmíràn pẹ̀lú, kí ojú má tún pọ́n ìyá. Àlàásàrí tó. Àfáà Abdullateef pèrun nínú pálọ̀. Ìyá Ràhámọ̀tù kò sunkún, ó kàn ń mi orí bí ìgbà tí èèyàn bá ń gba ìkíni lọ́wọ́ ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Wọ́n kírun tán, ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í.

"Mọ̀ọ́mì, mo fẹ́ pa géèmù yẹn rẹ́."

"Ta ló ní kó o pa á rẹ́?"

"Ojú ń tì mí."

"Jẹ́ kó tì ọ́. Ilẹ̀kùn tí ò ń tì ló burú." Ìyá na ẹsẹ̀. "Bàbá rẹ máa ń ta ayò nínú yàrá yẹn. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á ju ọmọ ayò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gbé Kùránì. Èmi ni mo máa ń bá a ṣà á. Ó wù mí kí ẹnì kan bá a ta á ní gbangba rí." Ó yí ojú rẹ̀ tó ṣú sí tábìlì. "Ṣí i. Èwo ni ewúrẹ́ níbẹ̀? Sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń sáré."

Títí dòní, bí Àfáà bá ń kọjá ní àdúgbò, ẹnì kan á ké "mẹ̀ẹ̀" lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Á dúró, á kí onítọ̀hún ní sálámà, á máa lọ. Ojú ṣì ń tì í, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Àjíkẹ́ tó ń yan gàárì ní Ilé-Ogbó ló sọ ọ́ fún mi, níbi tí mo ti lọ ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò ṣojú rẹ̀, ẹnu Kafilat ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí Kafilat wá dúpẹ́ igi tútù. Mo bi í bóyá èéfín náà kò ṣe ojú tirẹ̀. Ó ní ó ṣe é. Èmi gba gàárì mi, mo kọrí sílé.